Bẹ́ẹ̀dì Tí Mo Tẹ́ Nínú Ọkọ̀ Ìgbafẹ́

Ọkọ̀ kan wà ní ìlú òyìnbó tí kì í lọ síbì kankan. Mo ti wọ̀ ọ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má bá mi jiyàn. Ó gbéra ní èbúté kan, ó yí etí òkun ilẹ̀ wọn po, ó sì padà sí èbúté tó ti gbéra. Kò gbé ẹ̀gẹ́, kò gbé sìmẹ́ńtì, kò gbé ẹnì kankan lọ síbi òkú tàbí ibi ìkómọ. Bí awakọ̀ kan bá dán irú ẹ̀ wò lọ́dọ̀ wa, tó kó èrò ní gáréèjì Ayétòrò, tó gbé wọn dé Ìlaró, tó tún dá wọn padà sí gáréèjì Ayétòrò, tó wá ní kí wọ́n máa dúpẹ́, wọ́n á lù ú. Tiwọn, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọmọ mi obìnrin ló fi mí sínú ẹ̀. Ìlú òyìnbó ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, ilé ìwòsàn ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Mo lọ bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun. Nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rá, mo ní iṣẹ́ mi ti parí, ẹ jẹ́ kí n máa lọ sílé. Ọmọ mi bá wá jókòó tì mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé tíì fún mi. Tíì tí èèyàn ò béèrè, ọ̀rọ̀ ló máa ń wà nídìí ẹ̀.

Ó ní, "Màmá, ẹ má padà mọ́. Ẹ dúró tì wá."

Mo ní, "Kí n dúró ṣe kí ni?"

"Kí ẹ sinmi ni. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó."

"Ta ló sọ fún ọ pé ó ti rẹ̀ mí?"

Ó ní ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní Èkó ti fọwọ́ sí i. Ó ní ọkùnrin kan ti wá wo ilé mi ní Ayétòrò, pé ó fẹ́ gbà á kó máa kó sìmẹ́ńtì sí i. Wọ́n ti mú ọkùnrin yìí wọ inú ilé mi. Ó ti fi ẹfun fa ìlà sára òpó àtíbàbà tí mo ti ń yan gàrí, pé ibẹ̀ lòun máa wó kí ọkọ̀ ńlá lè ráyè wọlé. Mo gbọ́ gbogbo ìyẹn, mo gbé ife tíì sílẹ̀.

Mo sọ fún un pé mi ò lè dá wà. Láàárọ̀, tí òun àti ọkọ rẹ̀ bá ti jáde, tí wọ́n gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń bá wọn tọ́jú rẹ̀, ilẹ̀kùn ilé yẹn kì í ṣí mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Aládùúgbò wọn ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo mọ ikọ́ rẹ̀ dáadáa. Mi ò rí ojú rẹ̀ rí.

Ọmọ mi ní dídá wà kì í ṣe àrùn, pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Ó ní àwọn ìyá arúgbó òyìnbó ń fi owó ara wọn rà á. Ló bá fi ọkọ̀ ìgbafẹ́ yìí hàn mí nínú fóònù, funfun gbòò lórí omi.

Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ lọ, Màmá. Ẹ lọ jẹ ayé díẹ̀. Tí ẹ bá lè ṣe ìyẹn, ẹ lè bá wa gbé. Tí ẹ bá padà dé tí ẹ ní dídá wà ò bá yín lára mu, mi ò ní sọ̀rọ̀ ilé mọ́ láé."

Èèyàn kì í fi ilé rẹ̀ ta tẹ́tẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi tèmi ta á kí n tó mọ̀. Mo ní ó dáa. Mo sì mọ ọmọ tí mo bí. Bí mo bá kàn padà dé tí mo ní ọkọ̀ náà ò dáa, yóò ní mo ti pinnu kí n tó kúrò nílé. Ó máa gba kí òun náà fi ojú ara rẹ̀ rí nǹkan.

Bí mo ṣe lọ nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù ọmọ mi, fìlà onírun àgùntàn, ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn, gàrí díẹ̀ àti ata gígún.

Ọkọ̀ náà tóbi. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Gbogbo ará Igbogila ì bá wọ̀ ọ́ kí àyè ṣì kù fún àwọn ewúrẹ́ wọn. Wọ́n kọ́ ilé lé ilé, wọ́n fi gíláàsì ṣe ògiri. Ibi ìjẹun wà níbẹ̀, ibi ijó wà, ibi tí àgbàlagbà ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré sínú ihò wà. Ní òkè pátápátá, wọ́n gbẹ́ odò kan sínú ọkọ̀, wọ́n da omi sí i, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: àwọn èèyàn yìí wà lórí òkun o.

Tí oòrùn bá yọ, wọ́n á sáré jáde, wọ́n á bọ́ aṣọ, wọ́n á nà gbalaja sórí àga gígùn. Mo na ọwọ́ mi sí oòrùn náà. Láti ìgbà tí mo wà ní wúńdíá ni mo ti ń sá láfún, kò sí oòrùn tí mi ò mọ̀. Eléyìí ò lè mú láfún ẹ̀kúnwọ́ kan gbẹ. Yóò rùn mọ́ ọn lọ́wọ́ ni. Síbẹ̀ bàbá arúgbó kan, gbogbo irun àyà rẹ̀ ti funfun, dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ bí ẹja tí wọ́n sá sórí páànù, ó di ojú, ó ń gba oòrùn. Lọ́dọ̀ wa, oòrùn là ń sá fún. Bí ẹnikẹ́ni bá dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀ lọ́sàn-án gangan, àwọn ẹbí rẹ̀ ni à ń pè.

Oúnjẹ wọn pọ̀, adùn ni kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti gé orí ẹja sọnù, ibi tó dùn jù lára ẹja. Wọ́n á bù ú kún abọ́ bí òkìtì ọ̀gán, wọ́n á tọ́ ọ wò díẹ̀, wọ́n á dìde fi ìyókù sílẹ̀ láìwẹ̀yìn. Mo máa ń wá igun kan jókòó, mo máa da ata mi sórí ìrẹsì wọn, mo máa jẹ èyí tí mo bù tán.

Ohùn kan sì wà lókè àjà tó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀: ẹ wá jó, ẹ wá ra ẹ̀gbà ọrùn, ẹ wá wo onídán. Lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́ mi ò dá a lóhùn mọ́. Bí orúkọ mi tilẹ̀ wà nínú ohun tó ń sọ, mi ò lè mọ̀.

Tí ọkọ̀ bá dúró ní ìlú kan, wọ́n á tò jáde, wọ́n á lọ ya fọ́tò ògiri àtijọ́, wọ́n á padà wá jẹun. Èmi ò sọ̀ kalẹ̀ rí. Kò sí ẹni tó bímọ fún mi níbẹ̀, kò sí ẹni tó kú. Kí ni n ó lọ máa wò ní ìlú onílùú? Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo máa ń wà, níbi tí wọ́n ká okùn ńlá sí, tí atẹ́gùn ò dé. Mo ń fa tẹ̀sùbáà mi, mo ń wo omi tí gbogbo wọn ń wò. Mo wò ó títí. Omi ni.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo kórìíra jù ni pé wọn kì í kí èèyàn. Mi ò bínú o. Ẹni tí a kà sí là ń bínú sí. Nínú mọ́tò Ìlaró, kí ẹ tó kúrò ní gáréèjì, ẹni tó jókòó tì yín á ti béèrè ilé tí ẹ ti wá, á ti gbé ọmọ rẹ̀ lé yín lẹ́sẹ̀ kí ó lè ráyè tú owó nídìí aṣọ. Nínú ọkọ̀ yìí, ìgbọ̀nwọ́ èèyàn á kan tìrẹ, wọ́n á ní "sọ́rì" sí ìgbọ̀nwọ́ náà, wọ́n á kọjá.

Tọkọtaya arúgbó kan máa ń jókòó sí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níbi ìjẹun àárọ̀. Tábìlì tó tẹ̀ lé e ni tèmi. Láràárọ̀ ni mo máa ń dúró níwájú wọn, mo máa tẹ orúnkún díẹ̀, mo máa ní, "Gúdù mọ́nìn." Ọkùnrin náà á mi orí sí ẹyin tó wà nínú abọ́ rẹ̀. Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín músẹ́ sí nǹkan kan tó wà lókè orí mi. Ọjọ́ tó bá tún mọ́, mo tún ṣe é. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Kì í ṣe tìtorí wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì. Nílé wa, ìyá ọkọ mi ló kọ́ gbogbo àwa ìyàwó pé kí a tó kí ẹnikẹ́ni láàárọ̀, kí a kọ́kọ́ tún ibi tí a sùn ṣe. Nígbà tí ẹní là ń sùn lé, à ń ká a. Nígbà tí bẹ́ẹ̀dì dé, à ń tẹ́ ẹ. Ibùsùn tó bá wà ní títú nígbà tí ilẹ̀ ti mọ́, ẹni tó ni ín ń ṣàìsàn ni, tàbí kó ti kú. Títí di òní, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, tí a jọ ń gbé inú agbo ilé, tí èmi ń pè ní ìyàwó tí òun ń pè mí ní ìyálé, tí àwọn ọmọ mi ń pè ní Ìyá kékeré, ìró ìgbálẹ̀ mi ló fi ń mọ̀ pé mo jí ire. Ọdún kan tí ibà gbé mi ṣánlẹ̀, kò gbọ́ ìgbálẹ̀, ó kanlẹ̀kùn, kò gbọ́ ohùn, ó fọ́ fèrèsé wọlé, ó sì fi ọ̀kadà gbé mi lọ sí ọsibítù. Ara fèrèsé yẹn ò tíì gún dòní.

Torí náà, bí mo bá ti kírun àsùbá tán nínú ọkọ̀ náà (Ọlọ́run nìkan ló mọ apá ibi tí mo kọjú sí, nítorí ọkọ̀ tí kò mọ ibi tó ń lọ ò lè fi gábàsì han èèyàn), mo máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti wo bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ lọ́jọ́ tí mo dé, bí wọ́n ṣe ká etí rẹ̀ sínú, bí wọ́n ṣe gbé ìrọ̀rí lé ìrọ̀rí. Ní ọjọ́ kejì mo ti ń tẹ́ ẹ ju tiwọn lọ. Aṣọ tí mo bá sùn lé, ọwọ́ àjèjì ò gbọdọ̀ kàn án. Ọṣẹ tèmi ni mo fi ń wẹ̀, aṣọ tèmi ni mo fi ń nura. Mi ò tú táwẹ́ẹ̀lì wọn. Mo máa nu ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ gbẹ, mo máa ti báàgì mi sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo máa jáde.

Mi ò mọ̀ pé ọkùnrin kékeré kan wà, ará ilẹ̀ Éṣíà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa wá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn. Nígbà tó bá dé, mo ti lọ. Nígbà tí mo bá wọlé, òun náà ti lọ. Lójoojúmọ́ ló ń bá yàrá bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò dé ibẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kan, mo ń mu tíì mi níbi ìjẹun àárọ̀, obìnrin kan àti ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ funfun wọlé. Obìnrin náà di fóònù mú, ó ń fi fọ́tò kan hàn láti tábìlì dé tábìlì. Mo rò pé olè ni wọ́n ń wá. Ó dé ọ̀dọ̀ tọkọtaya arúgbó mi. Mo rí fọ́tò náà láti ibi tí mo jókòó. Èmi ni. Èyí tí mo yà fún ìwé ìrìnnà, láìwé gèlè, ojú mi le bí ẹni tó ń jẹ orógbó.

Obìnrin arúgbó náà wá ìgò ojú rẹ̀, ó fi sójú, ó wo fọ́tò náà dáadáa. Ó mi orí. Ọkọ rẹ̀ náà wò ó. Ó ní rárá, àwọn ò rí ìyá yìí rí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí wọn tán ni o. Orúnkún tí mo fi kí wọn ṣì ń dùn mí.

Mi ò kánjú. Mo mu ìyókù tíì mi, mo dìde, mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin aláṣọ funfun. Mo fọwọ́ kan fọ́tò náà, mo fọwọ́ kan àyà mi, mo ní, "Na mi bi dis."

Ó wo fọ́tò, ó wo fìlà òtútù mi. Mo ṣí fìlà. Ó lanu, kò pa á dé.

Wọ́n mú mi lọ sí ọ́fíìsì kan. Ọkùnrin kékeré tó ń tọ́jú yàrá wà níbẹ̀, omi ti lé sójú rẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ àti ẹnu ṣàlàyé fún mi títí ó fi yé mi: láti ìgbà tí ọkọ̀ ti gbéra, kò sí ẹni tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Wọ́n ti pè mí títí láti òkè àjà, mi ò dáhùn. Wọ́n ti rò pé mo ti bọ́ sínú òkun. Wọ́n sì ti pe ọmọ mi.

Ọ̀gá wọn bi mí pé níbo ni mo ti ń sùn. Mo ní orí bẹ́ẹ̀dì. Ó bi mí pé ta ló wá tẹ́ ẹ. Mo ní, "Na mi. Hu els?" Ó wò mí bí ẹni tó ń wo òpùrọ́. Mo ní ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ. Nígbà tí a dé yàrá, mo tú bẹ́ẹ̀dì náà ká níṣojú gbogbo wọn, mo sì tún un tẹ́, mo ká etí rẹ̀, mo fi ọwọ́ nà án kó tẹ́jú. Ọkùnrin kékeré náà bú sẹ́rìn-ín, ó wá tẹrí ba fún mi. Òun nìkan lẹ́ni tó kí mi nínú ọkọ̀ náà bí èèyàn ṣe ń kí èèyàn.

Wọ́n gbé fóònù lé mi létí. Ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

"Màmá! Ṣé ẹ̀yin nìyẹn?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́?"

"Wọ́n ní ẹ ò sùn sí yàrá yín láti ọjọ́ tí ẹ ti wọ ọkọ̀! Níbo lẹ wà?"

"Ibi tí o fi mí sí ni mo wà."

"Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti pe Ayétòrò. Ìyá kékeré ti ń ké nílé."

"Ó pe Ayétòrò? Ṣé ọkọ̀ náà gba Ayétòrò kọjá ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ẹkún ò jẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ló dé tí ẹ̀yin ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Wọ́n ní àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ fún un wà."

"Ṣé mò ń ṣàìsàn ni? Àbí mo ti kú?"

"Màmá!"

"Nílé wa, bẹ́ẹ̀dì tí wọn ò tẹ́ ni wọ́n fi ń mọ òkú. Níbí, èyí tí wọ́n tẹ́ ni. Ìwọ tó kàwé, bá mi mú èyí tó bọ́gbọ́n mu níbẹ̀."

Mo mọ̀ pé àkókò ti tó.

Mo ní, "Èrò inú ọkọ̀ yìí pọ̀ ju ará abúlé kan lọ. Mò ń bá wọn jẹun, mò ń kí wọn láràárọ̀. Nígbà tí wọ́n wá ń wá mi, ta ni wọ́n bi? Bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fi fọ́tò mi han àwọn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúnlẹ̀ kí, wọ́n ní àwọn ò rí mi rí. Nílé tìrẹ, tí ẹ bá ti tilẹ̀kùn jáde, kí ni wọ́n máa bi nípa mi? Ṣé fíríìjì ni?"

Mo tún bi í.

"Ní Ayétòrò, tí wọn ò bá gbọ́ ìgbálẹ̀ mi, ta ló máa ń kanlẹ̀kùn?"

Ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ìgbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. "Ìyá kékeré ni."

"Ta ló fọ́ fèrèsé?"

"Ìyá kékeré ni, Màmá. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tí ẹ bá dé."

"A ti sọ ọ́ tán. Ìwọ lo ní kí n lọ wò ó, mo ti wò ó. Ọkùnrin onísìmẹ́ńtì yẹn ńkọ́?"

Ó ní, "Mo máa pè é."

"Pè é lónìí. Kí sìmẹ́ńtì ẹ̀ má lọ dì síta."

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo inú ọkọ̀ ti mọ̀ mí. Wọ́n ń nàka sí mi, wọ́n ń bá mi ya fọ́tò: ìyá tó sọnù nìyí. Obìnrin arúgbó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé dì mọ́ mi lọ́jọ́ kejì, ó ń sọ bí ẹ̀rù ṣe bà á tó nítorí mi. Mo jẹ́ kó dì mọ́ mi. Nínú ara mi, mo ní kí àwọn èèyàn yìí tó lè rí ẹnì kan láàyè, ó ní láti kọ́kọ́ kú. Lẹ́yìn ìyẹn mo ṣì ń tẹ orúnkún kí wọn, ṣùgbọ́n mo dín in kù.

Ọmọ mi wá pàdé mi ní èbúté. Kò bi mí bóyá mo gbádùn. Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó ní, "Màmá, mo ti pe ọkùnrin náà." Mo ní Ọlọ́run á bù kún un. A ò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ títí mo fi wọ bàálù.

Nínú mọ́tò láti Ìlaró, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí gbé adìyẹ méjì lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́, òun fẹ́ fún ọmọ lọ́mú. Ó bi mí níbi tí mo ti ń bọ̀. Mo ní ibì kan tí kò níláárí. Nígbà tí mo délé, mo kọ́kọ́ lọ wo àtíbàbà mi. Ìlà ẹfun tí ọkùnrin yẹn fà sára òpó ti lọ. Ìyàwó ti fi kànìnkànìn họ ọ́ dànù.

Ó rẹ̀ mí lóru ọjọ́ náà, àsùbá fò mí. Kànkànkàn lára ilẹ̀kùn ló jí mi.

"Ìyálé! Ìyálé mi o! Ṣé kò sí nǹkan o? Wọ́n ní ẹ sọnù sínú òkun, a gbà. Ẹ ò gbọdọ̀ tún wá sọnù sínú ilé o!"

"Mo wà o," ni mo wí. "Má fọ́ fèrèsé mi."

"Ẹ ṣílẹ̀kùn kí n rí yín!"

"Ní sùúrù."

Mo dìde, mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi tán, kí n tó lọ ṣílẹ̀kùn fún un.